Yàrá òkùnkùn nínú básímẹ́ǹtì: níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìtòsí Baltimore ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Bàbá mi ya fọ́tò jẹun l'Ábẹ́òkúta fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀ńlájà wọn, ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán inú nẹ́gétíìfù sórí pépà kó lè tóbi, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà láti ilé, pẹ̀lú páálí nẹ́gétíìfù tí wọ́n fi sílẹ̀. Mo fẹ́ fi igun kan nínú básímẹ́ǹtì wa ṣe yàrá òkùnkùn, kí n lè máa fọ àwọn fọ́tò náà fúnra mi. Mo ti ra ọ̀dà dúdú tí màá fi kun ògiri, fọ́ọ̀mù tí màá fi dí gbogbo ihò, àti fáànù tí yóò máa fa òórùn kẹ́míkà síta. Ẹ̀rọ amúlégbóná àti híítà omi wà níbẹ̀ náà, wọn kò jìnnà sí igun yẹn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ kẹ́míkà nílé nítorí àwọn ọmọ. Ṣé ìbẹ̀rù lásán ni? Kí ni mo tún ní láti rà?”

Àbúrò mi, o kú àmójútó ogún baba. Inú mi dùn pé ẹ̀ńlájà yẹn kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Òkùnkùn ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Kẹ́míkà ló ń jẹ ìyàwó rẹ lọ́kàn. Ohun tó já èmi láyà wà nínú gbólóhùn tí o kàn fẹnu bà kọjá: fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ síta, àti híítà omi tí kò jìnnà sí i. Jọ̀ọ́, má tíì dí ihò kankan, má sì tíì tan fáànù yẹn, títí o ó fi ka ìdáhùn yìí tán.

Ọ̀pọ̀ híítà omi àti ẹ̀rọ amúlégbóná ní Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tó ti pẹ́, gáàsì ni wọ́n ń jó. Inú básímẹ́ǹtì náà ni wọ́n ti ń rí afẹ́fẹ́ tí iná wọn fi ń jó. Èéfín wọn ń gba páìpù gòkè lọ síta kìkì nítorí pé ó gbóná, ó sì fúyẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú èyí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí fáànù rẹ bá fà síta sì gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Bí o bá ti dí fèrèsé, tí o dí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀nà tó rọrùn jù fún arọ́pò yẹn láti wọlé ni páìpù èéfín. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, èéfín tó yẹ kó jáde á sì ṣẹ́rí padà sínú ilé. Gáàsì carbon monoxide lè wà nínú rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Ó lè pa ẹni tó ń sùn lókè kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ilé àkọ́kọ́ tí a gbé ní Philadelphia, mo ní kí òṣìṣẹ́ kan bá mi gbé fáànù sí ògiri básímẹ́ǹtì. Ó gbé e síbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò bèèrè ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, èmi náà kò sì bèèrè. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, mo ti fọ tó fọ́tò mẹ́wàá nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo rò pé òórùn háípò ni, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí fọ́tò ṣá, mo wá yí fáànù sókè sí i. Kò pẹ́ tí aláàmù ẹnu àtẹ̀gùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìyàwó mi sì ń lu ilẹ̀kùn kíkankíkan. A gbé àwọn ọmọ jáde sínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wá yẹ híítà wò ṣá iná ìṣáná sí ìdí páìpù èéfín, ó ní kí n tan fáànù mi. Ahọ́n iná náà tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ páìpù, ó kọjú sí wa. Mi ò gbàgbé iná kékeré yẹn títí dòní.

Nítorí náà, ohun tí o máa kọ́kọ́ rà ni aláàmù carbon monoxide: ọ̀kan fún básímẹ́ǹtì, ọ̀kan fún ìtòsí yàrá ìsùn. Lẹ́yìn náà, lọ wo orí híítà rẹ. Bí o bá rí ìdérí kan tó dà bí agboòrùn kékeré, tí àyè ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé nìyẹn, òun ni ìkìlọ̀ mi bá wí. Bí ó bá sì jẹ́ pé páìpù oníke méjì ló jáde lára rẹ̀, tí ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, tí èkejì ń gbé èéfín jáde, ewu rẹ̀ kéré gan-an. Èmi máa ń fi tùràrí dán an wò báyìí. Ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, tan fáànù tìrẹ, tan fáànù ilé ìdáná àti ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ, ṣí omi gbígbóná kí híítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kí o dúró bí ìṣẹ́jú 5. Mú igi tùràrí tó ń rú lọ sábẹ́ ìdérí yẹn. Bí èéfín tùràrí bá wọ inú páìpù, ó dára. Bí ó bá ń fẹ́ padà sí ọ lójú, pa gbogbo rẹ̀, ṣí ilé sílẹ̀, kí o pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì. Kódà bí ó bá yege, pè é kó wá wò ó. Ayàwòrán ni mí, n kì í ṣe òṣìṣẹ́ gáàsì.

Ohun kejì tí fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ síta máa ń fà wọlé ni radon, gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ gba ojú sísán sìmẹ́ńtì jáde, tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ní kí onílé wá nǹkan ṣe bí ó bá tó 4 picocurie (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n radon) nínú lítà afẹ́fẹ́ kan. Ohun èlò ìdánwò rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé. Ìwọ tó fẹ́ máa jókòó nísàlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta-mẹ́rin, dán an wò kí o tó kan ìṣó kan.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí afẹ́fẹ́ rìn? Dípò kí o máa fa afẹ́fẹ́ jáde, máa tì í wọlé. Fáànù kékeré kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ ìta wọlé, tó sì gba inú fílítà kọjá, ni kó wà lápá ibi gbígbẹ. Ihò àbájáde, tí o fi pákó dúdú ṣe ní kọ́lọkọ̀lọ kí ìmọ́lẹ̀ má gba ibẹ̀, ni kó wà ní òkè tíréè háípò. Afẹ́fẹ́ á ti ibi gbígbẹ rìn lọ síbi omi, á gbé òórùn lọ kó tó dé imú rẹ. Èrè mìíràn tún wà ńbẹ̀: yàrá tí afẹ́fẹ́ ń tì jáde kì í fa eruku wọlé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ìta tí o ń tì wọlé yóò sọ yàrá náà di fíríìjì. Ohun tí èmi ń ṣe láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ẹrẹ́nà ni pé mo ń pa fáànù, mo ń lo kẹ́míkà tí òórùn rẹ̀ kò le, mo ń dé tíréè tí n kò lò, mo sì ń ṣí ilẹ̀kùn ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò dára tó fáànù, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fọ fọ́tò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó tó.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán, àbúrò. Difẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tí ń mú àwòrán yọ lára pépà, kò ní ṣe ẹni tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ní nǹkan kan púpọ̀, ara ni ó ń bá jà: metol tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè mú kí ọwọ́ máa yún, kí ó máa bó, bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún gbà á. Fi ẹ̀mú mú pépà, tàbí kí o wọ ìbọ̀wọ́. Omi kíkan tí wọ́n ń pè ní stop bath, tí ń dá iṣẹ́ difẹ́lọ́pà dúró, èyí tí wọ́n fi acetic acid ṣe, ló ń ta imú. Ra èyí tí wọ́n fi citric acid ṣe, kò ní òórùn. Háípò tí omi kíkan bá ti kán sínú rẹ̀ máa ń tú sulphur dioxide jáde, èyí kò sì dára fún ẹni tó ní asthma rárá. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní in, bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí kẹ́míkà máa gbé, kí orúkọ wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ìgò ẹlẹ́rìndòdò la fi ń pa difẹ́lọ́pà mọ́, ó sì máa ń pọ́n bíi tíì bí ó bá ti gbó. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè gbé e mu. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tíréè, ife ìwọ̀n àti ṣíbí tó bá ti wọ yàrá yẹn kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láé.

Háípò tí o ti lò, fàdákà ti wà nínú rẹ̀, torí òun ló ń bọ́ fàdákà tí a kò lò kúrò lára pépà. Má dà á sílẹ̀, má sì jẹ́ kó wọ táǹkì ẹ̀gbin bó bá jẹ́ pé ilé yín ní tirẹ̀. Dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kántì yín ibi tí wọ́n ti ń gba kẹ́míkà ilé. Àwọn kan máa ń ju kànrìnkàn onírin sínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀: irin á yòrò, fàdákà á sì jókòó sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ dúdú. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo fàdákà náà tán.

Ní ti òkùnkùn, dá ọ̀dà dúdú yẹn padà. Ògiri dúdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yàrá òkùnkùn gbọ́dọ̀ ní, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ìta kò bá wọlé, kò sí ohun tí ògiri funfun fẹ́ tàn padà ju iná pupa tí o ó máa fi ríran níbẹ̀ lọ, iná pupa tó bá sì dára kò ní tètè ba pépà jẹ́. Ògiri funfun á jẹ́ kí o ríran, ọrùn kò sì ní dùn ọ́. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ńlájà nìkan ni kí o kùn ní dúdú tí kò dán. Nẹ́gétíìfù bàbá rẹ náà, wọ́n ti fọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí náà pépà nìkan lo fẹ́ bá ṣe. Ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ fọ fíìmù tuntun, rántí pé ọ̀pọ̀ fíìmù òde òní ń rí àwọ̀ pupa: òkùnkùn biribiri ló ń fẹ́. Àpò dúdú tí à ń ti ọwọ́ bọ̀ àti táǹkì olómorí tó fún iṣẹ́ yẹn, o lè fọ fíìmù lórí tábìlì lọ́sàn-án gangan.

Láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, pa iná, jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Ohun tí ojú rẹ kò rí ní ìṣẹ́jú kìíní, yóò rí i ní ìkẹwàá: ìlà tíńrín lábẹ́ ilẹ̀kùn, ojú pupa kékeré lára ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin. Fi téèpù dúdú bo àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n má fi bo aláàmù carbon monoxide. Yí tábìlì rẹ padà bí iná rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Iná pupa náà, owó ẹyọ la fi ń dán an wò. Fi iná ẹ̀ńlájà kan pépà fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n tí yóò fi dà bí eérú bí o bá fọ̀ ọ́. Gbé e síbi tíréè, gbé owó ẹyọ kan lé e, fi sílẹ̀ lábẹ́ iná pupa fún ìṣẹ́jú 7, lẹ́yìn náà kí o fọ̀ ọ́. Bí o bá rí àmì róbótó tó funfun ju ìyókù lọ, iná pupa rẹ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Gbé e jìnnà sí i tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ńlájà láti Abẹ́òkúta ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gílóòbù inú rẹ̀, iná fóltì 220 sí 240 ni wọ́n ṣe é fún. 120 ni ti Amẹ́ríkà. Bí o bá kì í bọ ògiri báyìí, yóò tàn, ìwọ yóò sì rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n yóò rẹlẹ̀, yóò sì pọ́n, pépà kì í sì í rí àwọ̀ pupa. Wàá ka àádọ́ta, wàá ka ọgọ́rùn-ún, fọ́tò á ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ra gílóòbù 120 tó bá ẹnu rẹ̀ mu, kí oníná mànàmáná wo wáyà rẹ̀, torí rọ́bà ara wáyà àtijọ́ máa ń gbó, ó sì máa ń sán. Kí ó tún fi sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI sí yàrá náà, èyí tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń gba omi tàbí ara ènìyàn jò lọ sílẹ̀. Ọwọ́ tútù àti ẹ̀ńlájà onírin kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Kí ó sì fún ẹ̀ńlájà ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má bá ẹ̀rọ amúlégbóná pín iná. Ní ọdún 1976, ní Mọ́kọlá n'Íbàdàn, àwọn ìyá kan máa ń wá bá ọ̀gá mi nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn bá ti lọ. Ọ̀gá á ya èyí tó kù. Nínú yàrá òkùnkùn, á fi páálí bo ìdajì pépà, á tan iná sí ìdajì kejì, á sì yí páálí padà kó tún tan nẹ́gétíìfù kan náà. Èjìrẹ́ á jókòó ti ara wọn. Ṣùgbọ́n bí iná NEPA bá fi rẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì, Kẹ́hìndé á funfun ju Táíwò lọ. Ọ̀gá á ya pépà náà, á tún un ṣe, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, torí ó ní ìyá náà kò gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó bá gbéra lójijì lórí wáyà kan náà lè ṣe fọ́tò rẹ bẹ́ẹ̀. Nínú páálí bàbá rẹ, wo àwọn nẹ́gétíìfù tí ọmọ kan ṣoṣo jókòó sí ẹ̀gbẹ́, tí àyè sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ irú rẹ̀.

Omi kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo rẹ̀. O kò nílò ẹ̀rọ omi nínú yàrá náà. Pépà onírọ́bà kò gbà ju ìṣẹ́jú 2 nínú omi tó ń ṣàn lọ. Kó wọn sínú báàfù kékeré tó ní omi, kí o gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀ lókè nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Òtútù ló yẹ kó o ṣọ́. 20°C ni a ń ṣírò gbogbo kẹ́míkà sí, ọ̀pọ̀ básímẹ́ǹtì kì í sì í dé ibẹ̀ nígbà òtútù. Bí difẹ́lọ́pà bá tutù dé nǹkan bíi 13°C, hydroquinone inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́, dúdú fọ́tò kò sì ní dúdú. Gbé tíréè difẹ́lọ́pà sínú tíréè tó tóbi jù ú lọ tó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o sì máa fi tẹmọ́mítà wò ó.

Tò ó báyìí: ẹ̀ńlájà àti pépà lápá kan, tíréè lápá kejì, kí omi má sì kọjá láàárín wọn. Ọ̀gá mi máa ń gbóòórùn ìka wa kó tó jẹ́ ká fọwọ́ kan àpò pépà. Ìka tó ní háípò á fi àtẹ̀ka funfun sílẹ̀ lára fọ́tò, èyí tó ní difẹ́lọ́pà á fi dúdú sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ó máa ń mọ ẹni tó ṣe é. Táwẹ̀lì méjì ni kí o ní. Òrùlé básímẹ́ǹtì tó jẹ́ pákó lásán, fi ọ̀rá bò ó, torí bí àwọn ọmọ bá ń sáré lókè, eruku á máa jábọ́ sórí nẹ́gétíìfù rẹ. Àwọn nẹ́gétíìfù fúnra wọn, má fi wọ́n pamọ́ sísàlẹ̀ rárá. Ọ̀rinrin á fún wọn ní èbu. Inú kọ́bọ́ọ̀dù lókè, níbi tó tutù tó sì gbẹ, ni kí wọ́n máa gbé, kí o sì máa gbé ìwọ̀nba tí o fẹ́ lò lọ́jọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Bí èyíkéyìí bá ń rùn bí ọtí kíkan, yà á sọ́tọ̀, kí o sì tètè fọ fọ́tò rẹ̀, torí ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣé kí o kọ́ yàrá náà pátápátá? Mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ báyìí. Gbé tábìlì méjì síbẹ̀, ta aṣọ dúdú, fọ fọ́tò fún oṣù kan ní alẹ́. Ara rẹ á sọ ibi tó yẹ kí tábìlì wà àti bí ó ṣe yẹ kó ga tó. Bí gáàsì tàbí radon bá sì já ọ kulẹ̀, àwọn yàrá òkùnkùn kan wà tí wọ́n ń yáni ní wákàtí-wákàtí ní àwọn ìlú ńlá; gbé nẹ́gétíìfù bàbá lọ síbẹ̀, fi ẹ̀ńlájà bàbá sínú pálọ̀ rẹ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí básímẹ́ǹtì tí kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Kí o tó ra lẹ́ńsì, wọn nẹ́gétíìfù bàbá rẹ. Bí wọ́n bá jẹ́ ti fíìmù 35mm, lẹ́ńsì 50mm ló bá wọn mu. Bí wọ́n bá jẹ́ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 6, 75mm tàbí 80mm ni. Ya orí híítà yẹn àti páìpù rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí o sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ ka lẹ́tà yìí kí ẹ tó pinnu.